Orrin Teasdale àti Ipò Kan Tó Kù

Orrin Teasdale kì í ṣe ẹni tó ń tètè bínú. Ìyá rẹ̀ ló ni ìbínú ilé wọn. Junie Teasdale ń gẹrun fún tọkùnrin tobìnrin ní Pell Grove, ìlú kékeré kan ní ìwọ̀-oòrùn Kansas, níbi tí atẹ́gùn ti ń ṣí fìlà lórí ènìyàn láti àárọ̀ dalẹ́. Kò sí ẹni tó jókòó sórí àga rẹ̀ tí kò mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, àlùmọ́gàjí á dúró lófuurufú, obìnrin náà á sì kọ́kọ́ dá òun lóhùn dáadáa kó tó máa gẹ irun òun lọ.

Nígbà tí Junie wà lọ́mọge, ahánbọ́ọ̀lù ni òun náà, ìyẹn ẹni tó ń lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, tó ń fi ìbọ̀wọ́ ńlá hán ohun tí ajubọ́ọ̀lù bá sọ wá. Òun ló kọ́ Orrin ní bésíbọ́ọ̀lù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, nítorí bàbá ọmọ náà ti bá tirẹ̀ lọ kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n rìn.

"Má ṣẹ́jú!" ni Junie máa ń pariwo, tí á sì sọ bọ́ọ̀lù bí ẹni ń sọ òkò. "Bọ́ọ̀lù ò ní jẹ ọ́. Bó bá tiẹ̀ jẹ ọ́, jẹ ẹ́ padà!"

Ọmọ náà mọ̀ ọ́n hán, apá rẹ̀ sì le, ṣùgbọ́n kò ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì yá. Àwọn tó ń wá ọmọ tó mọ bésíbọ́ọ̀lù kiri fún àwọn yunifásítì kì í sábà yà sí Pell Grove. Bí wọ́n bá sì yà, irun ni wọ́n wá gẹ̀. Nígbà tó jáde ilé-ìwé girama, kò sí ẹnikẹ́ni tó pè é pé kó wá gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí bọ́ọ̀lù. Ó bá wọ ọkọ̀ lọ sí Yunifásítì Dunmarrow, ó ń ti àpò ara rẹ̀ san owó ilé-ìwé, ó sì yọjú sí pápá lọ́jọ́ tí Kóòṣì Skaggs ní kí ẹnikẹ́ni tó bá gbójú wá dán ara rẹ̀ wò. Èrò tó wá lọ bí omi. Àwọn méjì péré ni wọ́n mú, Orrin sì wà nínú wọn. Irú wọn ni wọ́n ń pè ní afẹsẹ̀wọlé. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló gbé e wá, kò sì ní rí sẹ́ǹtì kan gbà.

Iṣẹ́ afẹsẹ̀wọlé sì wá pọ̀ ju tẹni tí wọ́n ń sanwó fún lọ. Òun ló ń bá àwọn ajubọ́ọ̀lù gbóná ara lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi, tí wọ́n á máa sọ ọ́ sí i títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á fi wú bí búrẹ́dì inú omi. Òun ló ń fi réèkì tún ilẹ̀ pápá ṣe. Bí òjò bá ṣú, òun àti àwọn bíi tirẹ̀ ló ń sáré fa ọ̀rá ńlá bo pápá, tí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ á dúró lábẹ́ òrùlé, tí wọ́n á máa yà wọ́n ní fọ́tò. Bí ẹgbẹ́ bá ń lọ gbá bọ́ọ̀lù nílùú mìíràn, á bá wọn di ẹrù sínú bọ́ọ̀sì, á dúró títí bọ́ọ̀sì á fi yí kọ́nà, á sì padà lọ gbọ́ eré náà lórí rédíò.

Lathan Crewe ló ń hán bọ́ọ̀lù lójú eré gan-an. Ọmọ Georgia ni, ó ga bí òpó iná, Skaggs fúnra rẹ̀ ló wọ bàálù lọ bẹ̀ ẹ́ nílé àwọn òbí rẹ̀. Ilé, oúnjẹ, ìwé, kò sí èyí tó ń ná owó ara rẹ̀ lé lórí. Lathan ló sọ Orrin ní Ògiri.

"Ta ló fẹ́ gbóná ara?" á pariwo. "Ògiri ti dúró síbẹ̀ yẹn. Ẹ sọ ọ́ lù ú jàre, kì í rẹ ògiri!"

Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Orrin náà á rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán, ẹ̀rín tí òun náà ń bá wọn rín yẹn wà lára ohun tó ń bí i nínú jù.

Ọ̀rẹ́ kan ló ní nínú ẹgbẹ́, Ignacio Quiroz, tí gbogbo ayé ń pè ní Nacho, ajubọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ òsì tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìpẹran ńlá ní Garden City. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tirẹ̀ ò kún, ààbọ̀ ni, ẹ̀rù sì ń bà á lójoojúmọ́ kí wọ́n má gba ààbọ̀ náà. Kì í gbà kí ẹlòmíràn bá òun gbóná ara.

"Bọ̀bọ́, ìbọ̀wọ́ ẹ yẹn ń bá mi sọ̀rọ̀," ni Nacho máa ń sọ. "Ti Lathan, ṣe ló máa ń bú mi."

Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn fún ọdún mẹ́ta. Ní òpin ọdún kẹta, Skaggs gbé ọwọ́ lé Orrin léjìká lójú pápá. Ẹni ńlá ni Skaggs, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹran tí oòrùn pa, ó sì mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ tí inú ọmọ ọlọ́mọ á dùn.

"Ọmọkùnrin mi," ló wí, "bí ẹ bá wọlé padà, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe jù ni yóò mú ipò. Èmi kì í wo ta ni mò ń sanwó fún."

Orrin gbé ọ̀rọ̀ yẹn relé bí ẹni gbé ẹyin. Jálẹ̀ ìgbà ooru, òun àti Junie wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ bí oníbàárà ìkẹyìn bá ti lọ. Orúnkún Junie kì í jẹ́ kó lóṣòó mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò ní orúnkún tó ń dùn ún.

Nígbà tó padà dé Dunmarrow, òfin tuntun ti dé láti òkè pé iye ènìyàn tó lè wà nínú ẹgbẹ́ kan ti ní òdiwọ̀n. Ẹni tó bá ṣẹ́kù á máa lọ. Skaggs pè wọ́n jọ, ó ní ahánbọ́ọ̀lù méjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ti ní ipò tiwọn, ipò kan ló kù, Lathan àti Orrin ni yóò du ú. Wọ́n pín ẹgbẹ́ sí méjì, wọ́n ní kí wọ́n máa bá ara wọn gbá títí di ìparí oṣù kẹwàá.

Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ò ní sọ pé òun ò rí i. Orrin gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè ọdún mẹ́ta. Ẹni tó bá gbìyànjú láti sáré jí ibùdó kejì, kó débẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó dé, bọ́ọ̀lù tí Orrin sọ á ti máa dúró dè é níbẹ̀ bí ìyàwó tó ń retí ọkọ ọ̀mùtí. Ó gbá bọ́ọ̀lù Nacho fúnra rẹ̀ kọjá odi, Nacho sì bo ojú nítorí ẹ̀rín. Lathan ní tirẹ̀, bọ́ọ̀lù tó bá sọ á fò, á balẹ̀, á tún yí gbirigbiri kó tó dé ibi tó ń lọ.

Junie ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó ti wa ọkọ̀ wá wòran. Ohùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́ lórí àga òkè.

"Lathan, ọmọ dáadáa! Ṣé kí n bá ẹ wá takisí tí yóò gbé bọ́ọ̀lù yẹn débẹ̀?"

Ohun tí Junie ò mọ̀ ni pé èjìká ọmọ náà ti ya. Orrin mọ̀. Ní oṣù karùn-ún tó kọjá, nígbà tí ẹgbẹ́ ń sáré ife, ó wà nínú yàrá ìmúra, ó ń kó aṣọ ìdọ̀tí gbogbo wọn jọ, Nacho sì jókòó ní ìgun kan, ó ń fi báńdéèjì di ọwọ́. Lathan da oògùn ìrora sí àtẹ́lẹwọ́, oògùn tí dókítà kankan ò kọ fún un, tó rà lọ́wọ́ ẹnìkan nígboro. Bẹ́ẹ̀ ni Skaggs wọlé. Ó wo oògùn náà, ó wo ojú ọmọ náà.

"Ṣé wàá lè gbá?"

"Màá gbá, Kóòṣì."

"Akọni ni ẹ́," ni Skaggs wí. Ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbá ìkẹyìn nínú ìdíje náà tán, Skaggs ní kí Orrin wá rí òun ní ọ́fíìsì. Ó ń fi eyín la hóró òdòdó oòrùn, ó ń tu èèpo rẹ̀ sínú ife.

"Jókòó, ọmọkùnrin mi. O ti fàgbà han Lathan. Ojú gbogbo wa ló ṣe é."

Orrin nawọ́ láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ẹ ṣeun, Kóòṣì. Ẹ ṣeun gan-an ni."

"Má tíì dúpẹ́." Skaggs tu èèpo. "N ò lè gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ọmọ nítorí èjìká ń dùn ún. Bàbá rẹ̀ á gbé lọ́yà wá bá mi. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ìwà akẹ́kọ̀ọ́, tó ní òun rí i tó ń gbé oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀ mì, ọ̀rọ̀ parí. Ipò ṣófo. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà ṣófo. Mo sì mọ ẹni tí màá gbé e fún."

Orrin wò ó títí. "Kóòṣì, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Níbo?" ni Skaggs bi í.

Níbo. Ọ̀rọ̀ kan péré, ojú rẹ̀ ò sì yẹ̀. Orrin sọ lẹ́yìn náà pé bó bá jẹ́ pé ṣe ni ọkùnrin náà gbá òun létí, kì bá dun òun jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Lọ rò ó," ni Skaggs wí. "Iṣẹ́ tí mo rán ẹ yìí, iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni."

Orrin jáde, ẹ̀jẹ̀ ń hó lára rẹ̀. Ó rìn yí pápá ká, ó tún yí i ká. Ohun tó ń mú ìbínú náà le sí i ni pé ó wù ú. Ó fẹ́ ipò yẹn débi pé itọ́ rẹ̀ ń dà. Lathan tó sọ ọ́ ní Ògiri! Lathan tó ń yà á ní fọ́tò nínú òjò! Ta ni yóò bá Lathan sunkún? Ó dúró sẹ́yìn àga àwọn òǹwòran, ó pe ìyá rẹ̀. Junie ti padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń kun irun fún ẹnìkan lọ́wọ́.

Ó rò fún un tán. Junie ò jẹ́ kó mí.

"Kí lo ṣì dúró ṣe? Lọ sọ ọ́!"

"Mọ́mì, ẹ̀yin ò gbọ́ ohun tí mo wí. Òun fúnra rẹ̀ rí oògùn yẹn. Ó ní akọni ni."

"Mo gbọ́! Ṣé irọ́ lo fẹ́ pa ni? Ṣé kò gbé oògùn mì? Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń nu ẹsẹ̀ sí ẹ lára, Orrin. Ọdún mẹ́ta ni mò ń gbọ́ ọ lórí fóònù, tí ò ń ṣe bí ẹni pé ó dára. Mú nǹkan tó tọ́ sí ẹ!"

"Bí mo bá mú un báyẹn, kò tọ́ sí mi mọ́!"

"Ta ní ń bi ẹ́ ní..."

"Ẹ gbọ́ tèmi ná! Ẹ kàn fẹ́ jókòó sórí àga òkè yẹn kí ẹ máa pariwo ni. Èmi ni yóò gbé ẹ̀wù náà wọ̀!"

Orrin ò pariwo mọ́ ìyá rẹ̀ rí láyé.

"Ṣé èmi lò ń pariwo mọ́?" ni Junie wí jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ẹ̀yin ni, Mọ́mì." Ó sì pa fóònù.

Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe rere ni. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ ohun tí a óò ṣe sí ẹni tó ń rán ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́ ẹrú kiri, tó ń fi ẹ̀wù bésíbọ́ọ̀lù tàn án.

Orrin bá Lathan nínú yàrá ìtọ́jú, wọ́n ti di yìnyín mọ́ ọn léjìká, ó ń fi ọwọ́ òsì jẹ apá adìẹ tó ti tutù.

"Ògiri," ni Lathan wí, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Wọ́n ní o wọ ọ́fíìsì. O kú oríire o."

"Ó ní kí n lọ fẹjọ́ oògùn ẹ sùn."

Lathan gbé egungun sílẹ̀. "Irọ́ lò ń pa."

"Kí ni màá fi irọ́ ṣe?"

"Kí ẹ̀rù lè bà mí ni. Kí n di ẹrù mi, kí n fi ipò sílẹ̀ fún ẹ. Mo mọ irú yín. Ẹ̀yin afẹsẹ̀wọlé, ebi ń pa yín débi pé ẹ lè jẹ ara yín."

Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Orrin kúrú, Lathan ga, ṣùgbọ́n kí Lathan tó dìde tán, Orrin ti di ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó ti tì í mọ́ ara ògiri, èjìká tó ya ló sì kọ́kọ́ gbá a. Igbe tí Lathan ké kì í ṣe igbe ìjà. Igbe ọmọdé tí ilẹ̀kùn ká lọ́wọ́ mọ́ ni. Orrin jù ú sílẹ̀. Yìnyín ti fọ́n ká gbogbo ilẹ̀.

"Ṣé bó ṣe burú tó nìyẹn?" ló bi í.

"Mi ò lè fi ọwọ́ yìí gbé ife kọfí." Lathan fà sẹ́yìn, ó jókòó sílẹ̀. Omi lé ròrò sí i lójú, inú sì ń bí i pé Orrin rí i.

"O sì ń bá wọn gbá?"

"Kí ni kí n ṣe? Ó ti pè mí náà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní kí n sọ fáyé pé èmi ni mo fẹ́ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ó ní bí mi ò bá sọ ọ́, ẹnìkan á sọ nǹkan nípa mi." Ó wo Orrin látòkè délẹ̀. "Mi ò mọ̀ pé ìwọ ni ẹnìkan náà."

Ìgbà yẹn ni ìbínú Orrin tó rí ibi tó máa dúró sí. Títí di àkókò náà, ó ń fò láti orí Lathan dé orí Junie, dé orí ara rẹ̀, bí eṣinṣin tí kò rí egbò.

"Kí lo wá fẹ́ gan-an?" ni Lathan bi í.

"Mo ti borí ẹ lójú pápá. Mo fẹ́ kó sọ ọ́ síta, kó sì fún mi ní ipò mi. Kó má sọ mí di ọ̀bẹ tí yóò fi dú ẹ."

"Kò ní ṣe é."

"Mo mọ̀."

"Mi ò fẹ́ràn ẹ o," ni Lathan wí.

"Èmi náà ò fẹ́ràn ẹ. Ti ìyá mi tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbogbo ẹgbẹ́ jókòó sórí koríko, Skaggs dúró láàárín wọn, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ìwà ọmọlúàbí. Ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó bi wọ́n bó ṣe máa ń bi wọ́n pé ta ló ní ọ̀rọ̀. Kì í sí ẹni tó ń dáhùn. Orrin dìde.

"Mo ní ọ̀rọ̀, Kóòṣì."

"Sọ ọ́, ọmọkùnrin mi."

"Ẹ yé pè mí lọ́mọ yín."

Orrin sọ ọ́, kò dúró. Ó sọ ti oògùn, ó sọ ti ilẹ̀kùn tí wọ́n rọra pa dé, ó sọ iṣẹ́ tí wọ́n rán òun àti ohun tí wọ́n fẹ́ fún òun bí òun bá jẹ́ ẹ.

Skaggs rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ọmọ tí mo ṣàánú fún! Ó rí i pé ọwọ́ òun ò ní tẹ ipò, ó wá fẹ́ fọ́ ilé. Ta ló bá ẹ rí i? Ta ló gbọ́ ọ?"

Orrin yíjú sí Nacho. Nacho ló wà níbẹ̀. Nacho tí Orrin ti hán bọ́ọ̀lù rẹ̀ títí ìka rẹ̀ méjì fi wọ́, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nacho ń wo bàtà ara rẹ̀. Ó ń fi irin ìdí bàtà ha ilẹ̀, ó ń ha á, bí ẹni pé ohun tó sọnù wà níbẹ̀.

"Nacho," ni Orrin wí.

Nacho ò gbójú sókè.

Ohùn tó jáde, láti ẹ̀yìn ló ti wá. "Òótọ́ ni," ni Lathan wí. Ó dìde, ó di èjìká mú. "Mo gbé oògùn mì lójú ẹ̀. Ó ní akọni ni mí."

Ojú Skaggs tó pọ́n tẹ́lẹ̀ wá dúdú. Orrin ló nawọ́ sí. "Bọ́ ẹ̀wù ilé-ìwé yìí kúrò lára ẹ."

Orrin bọ́ ọ. Ó bọ́ ohun ìdáàbòbò àyà, ó bọ́ ti ojúgun, ó tò wọ́n sílẹ̀ níbi tí ahánbọ́ọ̀lù máa ń lóṣòó sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò kánjú. Lẹ́yìn náà ló kọjá láàárín wọn tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì nínú atẹ́gùn oṣù kẹwàá. Kò wo Skaggs. Ó wo Nacho, ó dúró níwájú rẹ̀ díẹ̀, ó sì lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé òtítọ́ jáde tán, ìlú á sì tòrò, kó máa rò ó lọ. Yunifásítì yan ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ mu kọfí. Wọ́n pe Nacho, Nacho ní òun ò rí nǹkankan. Wọ́n ní kí Skaggs máa ṣọ́ra nípa bó ṣe ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ti di ti gbogbo ayé, Skaggs ò lè lé Lathan mọ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró títí ó fi jáde, ṣùgbọ́n kò tún gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ipò náà sì ńkọ́? Ọmọ kan láti yunifásítì mìíràn ló dé lóṣù kìn-ín-ní, tí wọ́n gbé e fún. Skaggs ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà ooru. Nígbà tí Orrin gbọ́ èyí, ó gbá àpótí kan ní ìpá débi pé ó fi tìrò rìn lọ́jọ́ mélòó kan.

Junie ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó tún wá. Ó wọ ilé àwọn kóòṣì tòun ti àpò iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì akọ̀wé.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta lẹ fẹ́ rí?" ni akọ̀wé bi í.

"Ọ̀gá yín. Mo wá gẹrun fún un."

"Ṣé ẹ ti bá wọn ṣàdéhùn?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n sọ fún un pé ìyá Ògiri ni. Kó gbé orí wá. Ohun tí mo fẹ́ gẹ̀ ò ní pẹ́."

Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé ni Skaggs gbà jáde. Junie jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi pa iná, ó ń fọ àlùmọ́gàjí rẹ̀ mọ́, ó sì ń sọ fún gbogbo òbí tó bá kọjá pẹ̀lú ọmọ tó ń wá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ pé kí wọ́n bi kóòṣì léèrè ohun tó ń pè ní akọni.

Lẹ́yìn náà, òun àti Orrin jọ wọ ọkọ̀ rẹ̀.

"O pariwo mọ́ mi," ni Junie wí.

"Mo pariwo mọ́ yín, Mọ́mì."

"Má dán an wò mọ́." Ó yí ọwọ́ ọkọ̀. "Ṣùgbọ́n tọjọ́ yẹn, o jàre mi."

Orrin parí ìwé rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà ìrúwé yẹn, bó bá ti gbọ́ tí bọ́ọ̀lù ń ró nínú ìbọ̀wọ́ láti pápá, á gba ọ̀nà tó jìn lọ sí kíláàsì. Ó padà sí Pell Grove, ó ríṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀, ó ń yẹ ilẹ̀ wò fún àwọn tó ń gbin àlìkámà. Bó bá di ọjọ́ Sọ́ńdè, á hán bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ìlú. Àwọn ènìyàn máa ń sọ fún un pé kó gbàgbé. Ó máa ń dá wọn lóhùn pé òun ò gbàgbé, òun ò sì ní ṣe bí ẹni tó gbàgbé, òun ti rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pani lẹ́rìn-ín fún ọdún mẹ́ta, ó tó gẹ́ẹ́.

Ní ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù keje, nígbà tí ìkórè ń parí, Nacho wa ọkọ̀ dé. Ó ti jáde yunifásítì, ẹgbẹ́ kankan tó ń sanwó fún agbábọ́ọ̀lù ò mú un. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti fìlà lọ́wọ́.

"Bọ̀bọ́," ló wí, "mo ti ń fẹ́ wá tipẹ́."

"O ti dé náà nìyẹn."

"Bàbá mi ò ní agbára owó ilé-ìwé yẹn. O mọ̀. Bí mo bá lanu, wọn ì bá gba ààbọ̀ tó wà lọ́wọ́ mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí ojú ẹ. Dárí jì mí."

Orrin wò ó. Ó ti sọ ohun tó máa sọ fún Nacho láìmọye ìgbà nínú ọkọ̀ akẹ́rù òun nìkan, ní ìpariwo, láàárín oko àlìkámà. Kò rí ìkankan sọ nínú wọn.

"Mo gbọ́," ló wí. "Mo mọ ìdí tó o fi ṣe é. Inú ṣì ń bí mi. Kì í ṣe ìbínú tí màá fi lù ẹ́, kì í sì í ṣe èyí tí màá fi bá ẹ jókòó jẹun. Máa lọ ilé, Nacho."

Nacho mi orí. Ó padà sínú ọkọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tanná sí i. Ó gbé orí lé ọwọ́ ọkọ̀, ó jókòó bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn.

Orrin ti wọlé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó rí Junie tó ti ẹ̀gbẹ́ ilé yọ, ó gbé àwo búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran àti kábéèjì sí nínú, òkè rẹ̀ ń rú èéfín. Ó kan gíláàsì ọkọ̀, ó gbé àwo náà wọlé sí Nacho, ó nàka sí i nímú, ó sì ń bú u. Orrin ò gbọ́ ohun tó ń sọ láti inú ilé, ṣùgbọ́n ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Nacho ń mi orí, ó ń jẹun, ó ń nu ojú.

Orrin ò jáde lọ bá wọn. Kò sì ní kí ìyá rẹ̀ gba àwo rẹ̀ padà.